Òpó Iwájú Ilé Màámi

Ara mi máa ń gbóná, mi ò ní parọ́. Bàbá mi, nígbà tí wọ́n wà láyé, máa ń sọ pé bí wọ́n bá gbé ìkòkò omi lé mi lórí lódò, omi náà á ti hó kí n tó délé. Nítorí náà, lọ́jọ́ tí mo lọ kó Màámi kúrò nínú ilé wọn, mo ti bá wọn jà tán nínú ọkọ̀ kí n tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Èmi ni mo ń sọ ọ̀rọ̀ tèmi, èmi náà ni mo ń bá wọn fèsì, mo sì ń borí ní gbogbo ìgbà.

Ọ̀rọ̀ òpó kan ló fa gbogbo rẹ̀.

Òpó tí àwọn ọkọ̀ oníná fi ń ṣáàjì ni. Kò ga ju àyà èèyàn lọ. Wáyà dúdú méjì rọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, iná kékeré kan sì wà lórí rẹ̀. Bí ọkọ̀ bá ń gbaná lọ́wọ́, iná kékeré yẹn á máa ṣẹ́jú ní pupa. Bí bátìrì bá ti kún, á di àwọ̀ ewé. Nígbà tí ìjọba ìlú gbé e wá, iwájú ilé Màámi gan-an ni wọ́n rì í sí, níbi tí ọkọ̀ bàbá mi máa ń wà kí wọ́n tó lọ. Màámi bá àwọn òṣìṣẹ́ náà fà á débi pé gbogbo òpópónà jáde.

"Ṣé mo sọ fún yín pé mo fẹ́ sọ ilé mi di ilé epo ni?"

Àwọn òṣìṣẹ́ ní, "Màmá, kò sí epo níbẹ̀, iná lásán ni."

Màámi ní kí wọ́n gbé iná lásán lọ síwájú ilé ìyá tiwọn. Ẹ̀yin náà ti wá mọ ibi tí mo ti jogún ìbínú.

Nígbà yẹn, òpó yẹn nìkan ló wà ní gbogbo àdúgbò. Àwọn ọlọ́kọ̀ á wá, wọ́n á to ara wọn sí ẹ̀gbẹ́ títì, Màámi á sì ti fèrèsé mọ́ wọn lójú. Màámi kì í dáhùn ìkíni ẹnikẹ́ni. Bàbá mi kò tíì pẹ́ tí wọ́n kú, Màámi sì ti pinnu pé kò sí ohun tuntun kankan tó máa ní láárí láyé mọ́.

Kánjúkánjú ló yí wọn lọ́kàn padà. Onítakisí ni, ó ń gbé ní òpópónà kejì. Wọn kì í pè é lórúkọ rẹ̀ mọ́, nítorí kò sẹ́ni tó rí i kó jókòó rí. Ìdúró ló fi ń jẹun. Bó bá ń kí èèyàn, "ẹ káàárọ̀" rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ níwájú ilé rẹ, á parí níwájú ilé aládùúgbò rẹ. Lọ́jọ́ kan, òjò ńlá ká a mọ́ ìdí òpó, bátìrì rẹ̀ ti tán pátápátá, ọkọ̀ kò lè yí ẹsẹ̀, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan sì ti ti ara rẹ̀ mọ́ inú ọkọ̀ náà, ó sùn lọ. Òun dúró lábẹ́ òjò, ó ń gbá ilẹ̀kùn, ó ń bẹ òpó pé kó ṣe kíá. Màámi ń wò ó láti ojú fèrèsé. Wọ́n wò ó títí, ara wọn ò gbà á mọ́.

"Ìwọ ọkùnrin yìí! Mo mọ̀ pé o kì í ṣe iyọ̀, àmọ́ wọlé."

Ó wọlé. Màámi fún un ní tíì gbígbóná, wọ́n sì ní kó jókòó. Orí àga bàbá mi ló jókòó sí, àga tí èmi ọmọ wọn gan-an ò gbọdọ̀ fara kàn. Ó mu tíì náà tán, ó tún béèrè òmíràn. Nígbà tí òjò dá, bátìrì rẹ̀ ti kún, ó sì ṣì jókòó síbẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni nǹkan ti yí padà. Agbẹ̀bí kan tó ń ṣiṣẹ́ nílé ìwòsàn ìtòsí bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé wá dúró de ọkọ̀ tirẹ̀. Tíṣà kan tẹ̀ lé e, pẹ̀lú àpò ìwé àwọn ọmọ tó ń máàkì. Nígbà tí wọ́n pọ̀, ìjà bẹ̀rẹ̀ lórí ta ló kọ́kọ́ dé. Màámi tú àwọn péègì tí wọ́n fi ń sá aṣọ jáde, wọ́n fún olúkúlùkù ní àwọ̀ tirẹ̀, wọ́n ní kí ẹni tó bá dé fi péègì rẹ̀ há irin fàráńdà. Ẹni tí péègì rẹ̀ bá sún mọ́ ilẹ̀kùn jù ló kàn. Tí òpó bá ti tan àwọ̀ ewé, Màámi ni yóò fi ọ̀pá wọn tilẹ̀ lọ bá a, wọ́n á yọ wáyà, wọ́n á sún péègì, wọ́n á sì ké pe ẹni tó kàn. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ jiyàn. Bí gbogbo àdúgbò ṣe ń pè wọ́n ní Ìyá Olópòó nìyẹn, ẹ sì rántí bí wọ́n ṣe lé àwọn òṣìṣẹ́ ọjọ́sí!

Lẹ́yìn náà, wọ́n ṣubú ní balùwẹ̀.

Èmi ò sí níbẹ̀. Ìlú mi jìnnà sí tiwọn, iṣẹ́ sì há mi lọ́rùn. Agbẹ̀bí ló ń dúró de ìgbà tí yóò kàn án. Ó rí i pé òpó ti tan àwọ̀ ewé, kò sì sẹ́ni tó jáde wá sún péègì. Ó pe Ìyá, Ìyá ò dáhùn. Ló bá wọlé, ló bá bá wọn nílẹ̀, orúnkún wọn ti wú bí ìṣù búrẹ́dì. Ká ní kì í ṣe ti òpó ni, mi ò fẹ́ parí ọ̀rọ̀ yẹn.

Mo ní kí wọ́n wá máa gbé lọ́dọ̀ mi. Màámi ní kò sí ohun tó jọ ọ́. Mo bínú, wọ́n bínú, a ò bára wa sọ̀rọ̀ títí ọ̀sẹ̀ fi parí. Níkẹyìn mo ní, "Ó dáa, Màámi. Níwọ̀n ìgbà tí èèyàn bá ń wá síbi òpó yẹn, ẹ máa jókòó sílé yín. Lọ́jọ́ tí wọn ò bá wá mọ́, ẹ̀ ń bá mi lọ nìyẹn."

Wọ́n ní, "Mo gbà." A bọwọ́ lé e.

Ẹ ò rí i pé ìjọba tó gbé òpó yẹn wá ló tún wá dà á rú. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ihò ìṣáàjì sára gbogbo òpó iná ojú títì, láti òpópónà dé òpópónà, kí olúkúlùkù lè ṣáàjì níwájú ilé tirẹ̀. Orí rédíò ni mo ti gbọ́ ọ. Ẹni tó ń ka ìròyìn náà ń yọ̀. Inú èmi bàjẹ́, mo sì pe Màámi.

"Ṣé wọ́n ṣì ń wá, Màámi?"

"Wọ́n ń wá."

"Àwọn wo?"

"Gbogbo wọn."

"Kí ni wọ́n ń wá ṣe?"

"Kí lèèyàn ń wá ṣe níbi òpó ṣáàjì? Wọ́n ń wá ṣáàjì."

Mo ní irọ́ ni. Mo ní Màámi ń bò ó mọ́lẹ̀ kí n má baà wá. Ta ló máa fi iná ẹnu ọ̀nà rẹ̀ sílẹ̀, kó wá to ìlà níwájú ilé ẹlòmíràn? Ìbínú ni mo fi ń sọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: ẹ̀rù ló ń bà mí. Gbogbo ìgbà tí mo bá ti di ojú mi ni mò ń rí balùwẹ̀ yẹn, tí Màámi wà nílẹ̀, tí òpó ń tanná níta, tí kò sì sẹ́ni tó ń dúró dè é. Mo kun yàrá kan sílẹ̀ fún wọn, mo ra bẹ́ẹ̀dì tí kò ga, mo sì gbéra.

Nígbà tí mo wọ àdúgbò wọn, ohun tí mo rò ni mo rí. Ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan wà níwájú ilé ẹni tó ni ín, wáyà wọn so mọ́ òpó iná bí ewúrẹ́ tí wọ́n so mọ́lẹ̀. Ibi òpó Màámi, kò sí ẹnikẹ́ni. Wáyà méjèèjì rọ̀ sílẹ̀. Màámi nìkan ló jókòó ní fàráńdà, lórí àga bàbá mi, ọ̀pá wọn láàárín ẹsẹ̀.

Mo páàkì sẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó náà. Ọkọ̀ tèmi náà jẹ́ oníná, ṣùgbọ́n mi ò lo òpó yẹn rí. Ibùdó ńlá tó wà lójú títì márosẹ̀ ni mo máa ń lò, níbi tí bátìrì á ti kún kéèyàn tó sọ̀rọ̀ tán lórí fóònù. Èmi àti Kánjúkánjú, ọmọ ìyá la jọ jẹ́ nídìí ìkánjú.

Màámi ò jà. Èyí gan-an ló kó ìdààmú bá mi. Wọ́n ní, "O ti dé," wọ́n sì tẹ̀ lé mi wọ yàrá. Wọ́n á ká aṣọ kan, wọ́n á tún tú u, pé kò ká dáadáa. Wọ́n gbé fọ́tò bàbá mi sínú àpótí, wọ́n tún gbé e jáde, wọ́n ní èéfín aṣọ á bà á jẹ́. Èéfín aṣọ wo?

"Ta ni yóò máa bá wọn sún péègì?" wọ́n bi mí.

"Màámi, kò sí ẹni tó ń fi péègì há nǹkan kan mọ́."

Wọ́n ní àwọn ń lọ gbé omi kaná. Ìyẹn dùn mí ju èébú lọ.

Ibi tí mo ti ń gbé àpótí àkọ́kọ́ jáde ni mo ti bá ọkùnrin kan lẹ́bàá òpó. Ó wọ aṣọ iṣẹ́ aláwọ̀ ọsàn, ọkọ̀ funfun kékeré kan wà lẹ́yìn rẹ̀, ó gbé ẹ̀rọ pẹlẹbẹ kan dání.

"Ẹ káàsán, mà. Ṣé ilé yín nìyí?"

"Ilé màmá mi ni. Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Iléeṣẹ́ iná ló rán mi. Ó dà bíi pé ara òpó yìí ò yá."

Mo ní kò sí ohun tó ṣe é ju pé kò sẹ́ni tó ń lò ó mọ́. Ọkùnrin náà mi orí.

"Rárá o, mà. Ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀. Òpó yìí ni ọkọ̀ ń wá sí jù ní gbogbo agbègbè yìí. Ojoojúmọ́. Wọ́n á ki wáyà bọ ọkọ̀, wọ́n á dúró, wọ́n á pẹ́ gan-an. Ṣùgbọ́n iná kì í kọjá. Ìwọ̀nba tó ń kọjá ò lè gbé ọkọ̀ dé kọ́nà. Àwa rò pé wáyà ti já nínú ilẹ̀."

Mo gbé àpótí náà sílẹ̀. "Ẹ ní ọkọ̀ ń wá?"

"Ojoojúmọ́, mà."

Ó ṣí ikùn òpó náà, ó fi irinṣẹ́ kan ibí, ó fi kan ọ̀hún, ó tún dì í padà. Ó ní, "Ara rẹ̀ le ju tèmi lọ. Ọ̀rọ̀ yìí ò yé mi."

A ṣì wà níbẹ̀ nígbà tí takisí kan sáré yà wọlé. Kánjúkánjú ni. Kò tíì dúró dáadáa tó ti bọ́ sílẹ̀, ó fa wáyà, ó kì í bọ ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀. Iná òpó náà ò tiẹ̀ pupa. Kíá ló di àwọ̀ ewé. Kánjúkánjú ò wò ó. Ó yọ péègì funfun kan lápò, ó lọ fi há irin fàráńdà, níbi tí kò sí péègì mìíràn kankan, bí ẹni tó ń to ìlà lẹ́yìn ara rẹ̀. Ìgbà tó yíjú ló tó rí mi.

Mo yọjú wo inú ọkọ̀ rẹ̀. Àwòrán bátìrì tó wà níwájú ìjókòó awakọ̀ kún dẹ́nu.

"Ẹ̀gbọ́n, ọkọ̀ yín ti kún."

"Àbí?" Ó ṣe bí ẹni tó yà lẹ́nu. Kò mọ̀ ọ́n ṣe.

"Ó kún kí ẹ tó débí."

Ó wo ẹnu ọ̀nà, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra sọ̀rọ̀. Iwájú ilé mi ni mo ti ṣáàjì. Gbogbo wa la ti níná lẹ́nu ọ̀nà báyìí. Nígbà tí ìjọba gbé e dé, Agbẹ̀bí pè wá jọ, ó ní Ìyá ńkọ́? Ẹ mọ bí màmá yín ṣe rí. Bí a bá ní a wá kí wọn, wọ́n á ní ara àwọn le, ká máa lọ síbi iṣẹ́ wa. Bí a bá ní a wá wò wọ́n, ìjà nìyẹn. Àmọ́ tá a bá ní a wá ṣáàjì, wọ́n á gbé omi kaná. La bá pín in mọ́ra wa. Agbẹ̀bí ní àárọ̀, èmi lọ́sàn-án, Tíṣà tí ilé ìwé bá ti jáde." Ó tún wo ẹnu ọ̀nà. "Ẹ má sọ fún wọn o. Wọ́n rò pé àwọn ló ń ṣe wá lóore."

Kánjúkánjú gun fàráńdà, ó fa àpótí ìjókòó kan, ó sì jókòó. Ó jókòó gan-an o, ó na ẹsẹ̀. Mo fara ti ọkọ̀ mi, mo sì sunkún ní gbangba ojú títì, lọ́sàn-án gangan, kò sì tì mí lójú. Ọkùnrin iléeṣẹ́ iná kọjú sí òpó, ó ń dì nọ́ọ̀tì kan tó ti le tẹ́lẹ̀.

Nígbà tí mo nu ojú mi tán, mo wọ kíṣìnnì. Mo ti pinnu pé mi ò ní sọ nǹkan kan. Màámi ń bu tíì sí ife, wọ́n kẹ́yìn sí mi.

"Kánjúkánjú ti wá ṣáàjì," mo ní.

"Mo gbọ́ ilẹ̀kùn ọkọ̀ ẹ̀. Ó máa ń gbá a bí ẹni tí ilẹ̀kùn bú." Wọ́n bu ṣúgà. "Ṣé òpó ti tan àwọ̀ ewé?"

Mo ní, "Màámi?"

"Kí ni?"

"Ẹ mọ̀?"

"Ìwọ ọmọ yìí, ta ló ń yọ wáyà?" Wọ́n yíjú sí mi. "Ojú ń dùn mí ni, kò fọ́. Láti ìgbà tí wọ́n ti ṣe iná sí gbogbo òpópónà ni òpó yẹn ti ń tan àwọ̀ ewé láti àárọ̀ dalẹ́."

"Kí ló wá dé tí ẹ ò sọ fún wọn?"

"Kí n sọ kí ojú lè tì wọ́n? Bí ojú bá tì wọ́n, wọn ò ní mọ bí wọ́n á ṣe máa wá mọ́. Àwọn náà fẹ́ràn ìjókòó yẹn. Agbẹ̀bí á ti gba ọmọ lóru mọ́jú, níbí ló ti ń rí ibi mí kanlẹ̀. Kánjúkánjú ò ní ibòmíràn láyé tó ti ń na ẹsẹ̀." Wọ́n gbé ife kan lé mi lọ́wọ́. "Èèyàn ni aṣọ mi. Ẹni tó bá daṣọ bò ọ́, o ò ní bi í pé èló ló rà á."

Àwọn àgbà kúkú ti sọ ọ́: ohun tí àgbà jókòó rí, bí ọmọdé gun orí igi, kò ní rí i. Síbẹ̀ mo ní, "Ẹ ì bá sọ fún èmi."

"Mo sọ fún ẹ. O bi mí bóyá wọ́n ṣì ń wá, mo ní wọ́n ń wá. Ìwọ lo ò gbà mí gbọ́." Wọ́n gbé ọ̀pá wọn. Ohùn wọn rọlẹ̀. "Àdéhùn ni àdéhùn ṣá. Bí o bá ní ká máa lọ, mo ti ṣe tán."

Mo wọ yàrá. Mo dá gbogbo aṣọ wọn padà sínú kọ́bọ́ọ̀dù, èyí tó ká àti èyí tí kò ká. Mo gbé fọ́tò bàbá mi padà sára ògiri. Nígbà tí mo jáde, mo ní, "Àdéhùn wa ni pé bí èèyàn ò bá wá mọ́. Màámi, èèyàn ń wá."

Wọ́n di ọwọ́ mi mú, wọ́n sì dì í mú pẹ́.

Ní ìta, ọkùnrin iléeṣẹ́ iná bi mí lóhùn jẹ́jẹ́ pé kí ni kí òun lọ sọ fún ọ̀gá òun. Mo ní kó sọ pé kò sí ohun tó ṣe òpó náà. Ó ronú díẹ̀, ó wo fàráńdà, ó wo ife tíì tó ń yọ èéfín. Ó ní iṣẹ́ ni iṣẹ́, ó yẹ kí òun fi ọkọ̀ tòun dán an wò, kó dá òun lójú. Ó ki wáyà kejì bọ ọkọ̀ funfun rẹ̀. Màámi fún un ní péègì.

Nígbà tí mo tún fẹ́ lọ wò wọ́n, mo yà sí ibùdó ojú títì márosẹ̀, mo ṣáàjì títí bátìrì mi fi kún. Mo rìn, mo rìn. Nígbà tí mo wọ ìlú wọn, mo tún yà síbi òpó iná kan, mo fi iná kún un dẹ́nu, bí ẹni tó ń lọ sọ́nà jíjìn. Ẹ̀yìn náà ni mo wá lọ síwájú ilé Màámi. Ọwọ́ mi ò mọ ọ̀nà òpó yẹn, mo wá ojú wáyà tì kí n tó kì í bọ ọkọ̀. Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ni iná náà di àwọ̀ ewé, ó mọ́lẹ̀ yòò.

Màámi gbójú sókè lórí àga bàbá mi. Wọ́n wo iná òpó, wọ́n wo ojú mi.

"Báwo ni bátìrì ẹ?"

"Ó ti tán pátápátá, Màámi. Díẹ̀ ló kù kí n ti ọkọ̀ débí."

Wọ́n na ọwọ́ sínú agbọ̀n péègì, wọ́n yan ọ̀kan, wọ́n fi há irin fàráńdà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn.

"Jókòó, ọmọ mi," wọ́n ní. "Irú èyí máa ń pẹ́."